Ta Ló Ń Ru Ẹ̀rọ Náà, Ìwọ Tàbí Ìtì Igi?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Agégẹdú ni mí, apá Ọ̀rẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń wó igi, ṣùgbọ́n pákó lílà ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Tí a bá wọgbó ọjọ́ mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń la pákó. Ẹ̀rọ agégi Stihl 070 ni mo ń lò láti ọdún mẹ́jọ. Kò já mi kulẹ̀ rí, àmọ́ ó ti wúwo jù fún mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ọwọ́ mi a sì máa kú tó bá di alẹ́. Mo ti kó owó díẹ̀ jọ. Ẹnì kan ní kí n ra Stihl MS 661, ẹnì kan ní Stihl MS 880, ẹlòmíì ní Husqvarna 395 XP. Èwo ni kí n rà? Ṣé bar 36 ínṣì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún 070 yìí á wọ̀ ọ́?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ igbó, o kú ewu.

Ọ̀rọ̀ bar, ìyẹn irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí ká, ni n ó kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni owó ti ń yára ṣòfò. Bar tí o rà fún 070 kò ní wọ MS 661, kò sì ní wọ 395 XP. Nínú mẹ́ta tí o dárúkọ, MS 880 nìkan ni ìdí bar rẹ̀ bá ti 070 mu. Nọ́ńbà tí Stihl fi ń bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ bar wọn ló ń sọ ọ́ fún ni: 3002 ni ti 070, 090, 088 àti 880, 3003 ni ti 660, 661, 381, 382 àti àwọn tó kéré sí wọn díẹ̀. Nu ọ́ìlì kúrò lára bar rẹ, wo apá ìdí rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó Stihl, wàá rí nọ́ńbà yẹn níbẹ̀, pẹ̀lú oríṣi ṣéènì tó ń gbà àti iye ẹsẹ̀ (irin kéékèèké tó ń wọ inú kòtò bar) tí ṣéènì náà gbọ́dọ̀ ní.

Ìdí bar kì í ṣe ibi tí a ti ń fi ojú wọ̀n. Ihò gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tí bọ́ọ̀tì ẹ̀rọ ń gbà kọjá: ti àwọn 3003 fẹ̀ tó mìlímítà 12, ti àwọn Husqvarna ńlá bíi 372 àti 395 jẹ́ mìlímítà 9. Ihò kékeré wà tí ìkọ́ tí a fi ń fa ṣéènì le ń wọ̀. Ihò kẹta, tó kéré jù lọ, ni ti ọ́ìlì, òun gan-an ló sì ń jà. Bar lè wọ bọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì lè mú un pinpin, kí ihò ọ́ìlì má sì kojú ẹnu ibi tí ẹ̀rọ ti ń tu ọ́ìlì jáde. Ojú lásán kò ní rí i, torí pé ìdérí ti bo gbogbo rẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ra bar kan nígbà tí mo ṣì ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹni tó tà á fún mi ní, "Ó wọ̀, ó wọ̀, lọ máa lò ó." Lóòótọ́ ló wọ̀. Ìtì igi apá ni mo fi là. Pákó kìíní jáde, èkejì jáde. Nígbà tí mo dé àárín ẹ̀kẹta, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti inú igi, mo sì rò pé ooru igi ni. Nígbà tí mo fà á jáde, etí bar náà ti ń dán ní àwọ̀ búlúù àti èsè àlùkò bí ọrùn ẹyẹlé, ṣéènì sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mo tú u palẹ̀, mo gbé e lé ara ẹ̀rọ láìfi ìdérí bò ó. Àṣìṣe tó wà láàárín ihò ọ́ìlì méjèèjì kò tó hóró àgbàdo kan. Bar tuntun, ọjọ́ kan ṣoṣo ló lò. Àwọn kan máa ń fi irin tín-ín-rín dí ihò bọ́ọ̀tì kí bar Stihl lè wọ Husqvarna, wọ́n á sì lu ihò ọ́ìlì mìíràn sí i. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń lu irin dáadáa, tó sì mọ ohun tó ń ṣe, lè gbìyànjú rẹ̀. Fún ẹni tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń là pákó jẹun, n kò gbà á nímọ̀ràn.

Lẹ́yìn ìdí bar, ó ku ṣéènì. Ẹ má máa dé ìsọ̀ kẹ́ ẹ kàn ní "ẹ fún mi ní ṣéènì 36 ínṣì". Gígùn nìkan kò sọ nǹkan kan. 070 àti 880 ń lo ṣéènì .404, níbi tí ìdè kan ti jìnnà sí ìkejì ní nǹkan bí mìlímítà 10.3, 661 àti 395 ń lo 3/8, tí tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 9.3. Bí ó ti wù kí ìyàtọ̀ yẹn kéré tó, kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń yí ṣéènì, ìyẹn sprocket, kò ní gba èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣéènì .404 fún bar 36 ínṣì ní ẹsẹ̀ 104. Ti 3/8 fún bar 36 ínṣì ti Stihl ní ẹsẹ̀ 114. Èyí tún wá jọni lójú: bar tí Stihl ń pè ní 25 ínṣì àti èyí tí Husqvarna ń pè ní 24 ínṣì, ẹsẹ̀ 84 ni ṣéènì 3/8 wọn méjèèjì ní. Ka ẹsẹ̀, má ka ínṣì.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ agégẹdú ń fojú fò. Wo ṣéènì Stihl nínú oòrùn, mú eyín kan sún mọ́ ojú. Lára òkè kékeré tó wà níwájú eyín, wọ́n tẹ nọ́ńbà kan sí i: 4 túmọ̀ sí .404, 3 túmọ̀ sí 3/8. Yí i padà, wo ẹsẹ̀ tó ń wọ inú kòtò bar: nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ń sọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe nípọn tó, 6 jẹ́ mìlímítà 1.6, 5 jẹ́ 1.5, 3 jẹ́ 1.3. Ẹsẹ̀ 1.5 nínú kòtò 1.6 á máa mì, ilà tí wàá là á máa wọ́. Ẹsẹ̀ 1.6 nínú kòtò 1.5 kò ní wọlé rárá. 395 XP sábà máa ń bá kòtò 1.5 jáde, Stihl ńlá ní tirẹ̀ jẹ́ 1.6, nítorí náà bí o bá bọ́ sí Husqvarna, ṣéènì tí o kó jọ sílé kò wúlò fún ọ mọ́.

Ó dáa. A wá kan ìwọ̀n.

Ìwé tó ń bá ẹ̀rọ wá máa ń sọ ìwọ̀n ẹ̀rọ lásán: kò sí bar lára rẹ̀, kò sí ṣéènì, kò sí epo, kò sí ọ́ìlì. Bẹ́ẹ̀ ni MS 661 fi jẹ́ kílò 7.4, tí 395 XP jẹ́ 7.9, tí MS 880 sì tó nǹkan bí 10. 070 tìrẹ lé ní 10. Ní ti agbára, 661 ń mú kilowatt 5.4 jáde láti inú ẹ́ńjìnnì 91.1 cc, 395 ń mú 4.9 jáde láti inú 93.6 cc, 880 ń mú 6.4 jáde láti inú 121.6 cc. Baba wọn, 070, 4.8 ló ní, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó nǹkan bí 106 cc. Bí o bá wo ìwé nìkan, wàá ní 661 ti borí: ó fúyẹ́ ju 070 lọ ní nǹkan bí kílò mẹ́ta, agbára rẹ̀ sì tún pọ̀ jù ú lọ.

Jẹ́ ká bu epo sí wọn ná. Táńkì 661 ń gba epo lítà 0.85 àti ọ́ìlì lítà 0.36, àpapọ̀ wọn sún mọ́ kílò kan. Ti 395 ń gba epo 0.9 àti ọ́ìlì 0.5, ó lé díẹ̀ ní kílò kan. 880 ń gba epo 1.3 àti ọ́ìlì 0.7, ó lé ní kílò kan àtààbọ̀. Fi bar 36 ínṣì àti ṣéènì kún un, nǹkan bí kílò mẹ́ta. Ohun tí wàá gbé lọ́wọ́ gan-an nìyí: 661 ju kílò 11 lọ, 395 tó 12, 880 sún mọ́ 15. Ọ̀nà láti Ọ̀rẹ́ wọ igbó kì í ṣe títì, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kílò mẹ́ta tí 880 fi ju 661 lọ á sọ̀rọ̀ kí o tó débi ìtì.

Ìbéèrè tí mo wá ń bi gbogbo ẹni tó bá ní ẹ̀rọ òun wúwo nìyí: nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ń ṣiṣẹ́, ta ló ń rù ú, ìwọ tàbí ìtì igi?

Bí o bá ń wó igi, tí o ń rẹ́ ẹ̀ka, tí o ń gé ìtì sí wẹ́wẹ́, ìwọ ni ò ń rù ú. O bẹ̀rẹ̀, o nàró, o yí ẹ̀rọ ní ìbú, o gbé e sókè, o fi sílẹ̀, o tún gbé e. Gbogbo kílò ni apá àti ẹ̀yìn rẹ ń san. Níbẹ̀, 661 jẹ́ ẹ̀bùn. Bar 25 ínṣì gan-an tó fún un. Igi tó fẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì gígùn bar ṣeé wó bí a bá gé e láti ìhà méjèèjì, kò di dandan kí bar gùn tó igi.

Ṣùgbọ́n bí o bá ń la pákó, ìtì ló ń rù ú. Ẹ̀rọ jókòó lórí igi, o kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni, ìwọ̀n rẹ̀ gan-an ló ń tì í wọlé. Ẹ̀rọ tó fúyẹ́ jù ní ibi yìí, ìwọ lo máa fi àyà àti èjìká tì í. Wo ìyàtọ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú: bí o bá ń gé igi ní ìbú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹ́ńjìnnì á mí. Bí o bá ń là á ní gígùn, bar wà nínú igi láti ìdí dé orí, ẹ́ńjìnnì ń ké ní gbogbo agbára rẹ̀ láìsinmi, ooru ń ga. 36 ínṣì ni bar tó gùn jù tí wọ́n ní kí a fi sí 661. Ó máa gbé e, á gé dáadáa pàápàá, ṣùgbọ́n nínú ìtì ọpẹpẹ tàbí apá tó ti gbẹ, òkè agbára rẹ̀ ni yóò máa wà ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin tí o ń là. Písítìnnì tí a ń lò báyìí kì í dàgbà. 880 ń gbé bar tó ju mítà kan lọ; 36 ínṣì jẹ́ eré fún un.

Nítorí náà, pẹ̀lú bí o ti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ, èyí tó wúwo ni mo ní kí o rà. MS 880, tàbí 881 tó rọ́pò rẹ̀ bí o bá rí i. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí o fẹ́ gbọ́ nìyẹn, torí pé ìrora ló gbé ọ wá. Fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

O ní ọwọ́ rẹ ń kú ní alẹ́. Ìwọ̀n kọ́ ló ń pa ọwọ́ ẹni báyẹn, gbígbọ̀n ni. Ìran ẹ̀rọ kan tí Stihl gbé jáde ní Jámánì ní 1959, tí wọ́n ń pè ní Contra, tí kò ní jíà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ṣéènì, ni 070 ti wá. Ọdún yẹn kan náà ni Husqvarna ní Swídìn ṣe ẹ̀rọ agégi àkọ́kọ́ tiwọn. Iṣẹ́ àgbà ni 070, ó le bí òkúta, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ tí a fi ń dì í mú so mọ́ ara ẹ́ńjìnnì ní tààrà. Gbogbo bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbọ̀n ló ń wọ eegun rẹ. Kò sì ní bíréèkì tó ń dá ṣéènì dúró nígbà tí ẹ̀rọ bá ta padà sí ni lójú. 880, 661 àti 395 ní méjèèjì: nǹkan tó ń fa gbígbọ̀n mu wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìdìmú, bíréèkì sì wà níwájú ọwọ́ òsì. Lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ fi ọ̀kan nínú wọn la pákó, ọwọ́ rẹ ló máa sọ fún ọ. Má fi ọwọ́ tó ń kú ṣeré rárá: bó bá ti pẹ́ jù, kì í padà sípò mọ́. Títí tí wàá fi rí òmíràn rà, bí táńkì kan bá ti tán, gbé e fún ọmọṣẹ́ rẹ kó lo táńkì tó tẹ̀ lé e. Bí ìka rẹ bá ń funfun, tàbí tí ó ń ta ọ́ dé òwúrọ̀, lọ rí dókítà.

Ẹ̀yìn ńkọ́? Bí o ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sórí ìtì tó wà nílẹ̀ láti àárọ̀ ló ń pa ẹ̀yìn. Fi igi méjì tàbí mẹ́ta gbé ìtì sókè kí o tó là á, bó ti lè wù kó kéré mọ. Bí ẹ bá ń wọgbó, yọ bar kúrò, kí ẹnì kan gbé ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíì gbé bar àti epo. Dídá bar padà síbẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, sípánà kan ni.

Mi ò ní kí o má ra 661 láé. Bí owó bá tún dé, òun ni kí o rà tẹ̀ lé e, kí o máa fi wó igi, kí 880 jókòó de pákó. Kàn mọ̀ pé 661 tó ń jáde pẹ̀lú C-M lórúkọ, kọ̀ǹpútà kékeré ló ń tún kàbùrétọ̀ rẹ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò) ṣe fúnra rẹ̀. Ó dára gan-an, kò sí pé à ń fi sukurudíráfà yí i kiri. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe àìsàn, ẹni tó ní irinṣẹ́ tó ń bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀ ló lè wò ó, kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì. Ní ti 395 XP, ẹ̀rọ tó dáa ni, kàbùrétọ̀ olósukurú tí gbogbo wa mọ̀ ló ní, n kò ní bú u. Ohun tí kò jẹ́ kí n mú un fún ọ ni pé bar rẹ, ṣéènì rẹ, sprocket rẹ, gbogbo rẹ̀ ni wàá tún rà, ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tí mo sì mọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yà Stihl ló so kọ́ sí ara ògiri.

Àwọn bar fífúyẹ́ kan tún wà tí Stihl ń ṣe, tí wọ́n fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún ẹni tó ń rẹ́ ẹ̀ka, ó dùn. Fún pákó lílà, irin tó ki ni kí o lò.

Bí o bá ti ra 880, pọ́n eyín ṣéènì pákó rẹ sí igun 10°, kì í ṣe 30° tí a fi ń gé ìbú. Fáìlì mìlímítà 5.5 ló bá .404 mu. Fi ọ́ìlì two-stroke tó dára pò mọ́ epo: ti Stihl, mìlílítà 20 sí lítà epo kan, ìyẹn 100 sínú kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì mìíràn tí kò dá ọ lójú, ìwé Stihl ní kí a lo mìlílítà 40 sí lítà kan. Ọ́ìlì tí wọ́n tú kúrò nínú mọ́tò, mo bẹ̀ ọ́, má dà á sínú táńkì ọ́ìlì ṣéènì mọ́. Ìdọ̀tí irin inú rẹ̀ ń jẹ pọ́ǹpù, ó sì ń fọ́n sí ọ lára láti àárọ̀ dalẹ́. Ó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara. 070 yẹn, má tà á, jẹ́ kó wà nílé fún ọjọ́ tí 880 bá ń gba àtúnṣe.

Lọ́jọ́ tí o bá ń lọ sọ́jà, gbé bar rẹ dání, má fi sílé. Kí o tó sanwó, ní kí wọ́n ṣí ìdérí, fúnra rẹ ni kí o gbé bar lé bọ́ọ̀tì, kí o tẹjú mọ́ ihò ọ́ìlì bóyá ó kojú ẹnu tirẹ̀. Fi ṣéènì sí i, kí wọ́n bu epo àti ọ́ìlì sí i, kí wọ́n tan án. Tẹ́ ewé gbódògì kan sílẹ̀, kọjú imú bar sí i, kó jìnnà sílẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kó má kan ilẹ̀ rárá, kí o tẹ ohun tó ń mú un yára díẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kí ilà ọ́ìlì tín-ín-rín ti hàn lójú ewé náà. Bí ewé bá ṣì gbẹ, pa ẹ̀rọ, yọ bar rẹ, kí o sì gbé owó rẹ padà sápò.